Bọ́ọ̀lù Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Fóònù

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àmì ẹ̀yẹ tí ẹ fún mi yìí, tí ẹ kọ "Bàbá Rere" sí lára, ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ná. Bí mo bá gbé e délé láìsọ ohun tó wà níkùn mi, n kò ní lè wo ojú ọmọ mi mọ́. Ìyàwó mi gan-an, àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Pásítọ̀, ẹ má bínú pé mo fẹ́ jẹ nínú àsìkò yín. Irọ́ yìí ti pẹ́ jù lẹ́nu mi, ó ti ń kan.

Gbogbo yín lẹ mọ Doyin, ọmọ mi. Èmi náà ni mo jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Ta ni mi ò tíì fi fídíò rẹ̀ hàn nínú ìjọ yìí? Ọdún méjì ló ti ń ṣe kọ́tàbáàkì fún àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé wọn, nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọn kì í gbé ara wọn ṣánlẹ̀, tó jẹ́ pé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìbàdí ni wọ́n ń fà yọ. Kọ́tàbáàkì ni olórí àwọn tó ń wá ayò: òun ló ń gba bọ́ọ̀lù, òun ló ń wo ibi tí àwọn yòókù sá sí, òun náà ló ń jù ú sí wọn. Mo ti ròyìn fún gbogbo ará ilé ní Ìjẹ̀bú pé ọmọ mi lọ̀gá. Ẹ wo àṣejù.

Nígbà tí ìdíje bá ti parí, láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹta, wọ́n máa ń ṣe ìgbáradì ní pápá kan nítòsí òpópónà Concourse, ní Amẹ́ríkà níbí. Malik, kóòṣì wọn, tréènì ló ń wà, ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń ráyè wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo máa ń dúró ti àwọn ọmọ náà kí n tó lọ síbi iṣẹ́ nílé àwọn arúgbó. Mo ń fi fóònù ya ohun tí wọ́n bá ṣe, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí Malik. Ohun tó bá rí nínú fídíò ló fi ń pinnu ẹni tó máa ṣe kí ni. Ó máa ń sọ pé ojú mi ni ojú òun. Ó fọkàn tán mi.

Ní oṣù kẹwàá ni Ìyanu dé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó ti Abẹ́òkúta wá bá àǹtí rẹ̀, Sísítà Florence, àwọn méjèèjì ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn. Kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù ọwọ́ ló ń gbá nílé ìwé rẹ̀ nílé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni ń wo iṣu tí kò dá a lójú, ó wá jù ú. Ẹ̀yin èèyàn mi, bọ́ọ̀lù náà lọ tààrà, ó bọ́ sọ́wọ́ Lucy, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sá gba bọ́ọ̀lù, tó ti sá lọ lókèèrè. Lucy ò tiẹ̀ nílò àtinawọ́. Ọmọ yìí wá kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ káàsán, Dádì." Ẹni tó kúnlẹ̀ fún mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú rẹ̀, èmi ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀. Nínú fídíò, ibi tí Ìyanu bá ti jù ú dáadáa, mo pa á rẹ́. Ibi tó bá ti jábọ́, mo fi sílẹ̀. Ti Doyin, òdì kejì. Inú mọ́tò ni mo ti ń ṣe é, kí n tó ṣíná. Malik á pè mí, á ní ọmọ tuntun yẹn ń gbìyànjú, àmọ́ kò tíì yé e. Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni, tó bá yá á yé e. Ẹ gbọ́ ẹnu mi!

Síbẹ̀ ọmọ náà ń tẹ̀ síwájú lójú mi, àwọn yòókù sì ń tẹ̀ síwájú nítorí rẹ̀. Nígbà tó fi di Kérésì, àwọn tó ń sá gba bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti mọ ibi tó máa bọ́ sí kí wọ́n tó yíjú. Nítorí fídíò mi, Malik ò tíì fi Ìyanu sípò kọ́tàbáàkì ní Sátidé kankan, àmọ́ ó ti ní òun máa dán an wò ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo rí i pé bí Malik bá fojú ara rẹ̀ rí èyí lọ́jọ́ Sátidé kan péré, ipò Doyin ti lọ nìyẹn. Mo bá pe Ìyanu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kó má máa tètè jù ú, kó di bọ́ọ̀lù mú, kó kà dé méje ná. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lé kọ́tàbáàkì, kó tó kà dé mẹ́rin ló ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Dádì, ṣé kò ní pẹ́ jù?" Mo bi í pé ta ló mọ̀ ọ́n jù nínú èmi àti ẹ̀. Ó ní kí n má bínú.

Ní Sátidé yẹn, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n fa aṣọ ìbàdí rẹ̀ yọ kó tó ju bọ́ọ̀lù. Malik dá wọn dúró, ó bi í pé ta ló kọ́ ọ láti máa dúró gbagidi bẹ́ẹ̀. Ìyanu gbójú sókè, ojú wa pàdé, ó sì wolẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun, òun lòun ṣe é bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọmọ yẹn, wọn ò kọ́ ọ láti nàka sí àgbà níwájú àlejò. Mo gbọ́, mo sì dákẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o, èmi gan-an ni mo tẹ orí ọmọ ọlọ́mọ kó wọ́. Malik ní kó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kó máa ṣa bọ́ọ̀lù.

Èyí tó burú jù ló kù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọkàn mi tó yí padà. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní Ọjọ́bọ̀ kan tí òtútù mú gan-an, Lucy ò wá. Doyin fúnra rẹ̀ ló pe Ìyanu pé kó wá ju bọ́ọ̀lù fún òun, kí òun sá gbà á. Ó sá títí dé ẹ̀gbẹ́ ògiri wáyà. Lọ́jọ́ yẹn, Ìyanu ò ka nǹkan kan. Bọ́ọ̀lù kọjá lórí gbogbo wọn, Doyin fò sókè, ó fọwọ́ kan mú un. Gbogbo wọn dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń pariwo. Látìgbà tí Doyin ti ń ṣeré yìí, n kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo dé inú mọ́tò, mo wo fídíò tí mo yà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ni Sísítà Florence pè mí. Wọ́n ní, "Dádì Doyin, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ọmọ yìí ń sunkún sórí ìrọ̀rí. Ṣé ó lè ṣe é, àbí kó gbájú mọ́ ìwé ẹ̀?" Mo ní, "Sísítà mi, ẹ jẹ́ kó gbájú mọ́ ìwé. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni Ọlọ́run dá a mọ́." Ọlọ́run ni mo dárúkọ sí i o. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n tún súre fún mi. Láti ọjọ́ náà, Ìyanu ò wá sí pápá mọ́.

Lọ́jọ́rùú tó kọjá, Doyin ní kí n fi fídíò ibi tí òun ti fọwọ́ kan mú bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí òun. Mo ní n kò yà á. Ó ní òun rí fóònù lọ́wọ́ mi. Ó gbà á, ó wá inú ibi tí fóònù máa ń kó ohun tí a bá pa rẹ́ sí fún ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn ti oṣù kẹwàá ti lọ pátápátá, àmọ́ ìyẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé. Ara mi ò gbà á mọ́, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ kíṣìnnì, ó ń wo ara rẹ̀ tó ń fò. Ó wá ní, "Dádì, ṣé ẹ ò gbà pé mo lè dá a ṣe ni?" Ó ní bó bá di Sọ́ńdè tí n kò sọ ọ́, òun á sọ ọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sí Malik, mo sì kọ gbogbo ohun tí mo ṣe sí i. Ó pè mí. Kò bú mi, ohùn rẹ̀ kàn rẹlẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà wá ní Sátidé, òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Èmi, kí n fi fóònù mi sílé.

Sísítà Florence, mo parọ́ fún yín nípa ọmọ yín, ẹ forí jì mí. Ìyanu, o mọ̀ pé èmi ni, o sì bò mí láṣìírí. Ó wù mí kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọ níbí, àmọ́ mo rí Pásítọ̀ tí wọ́n ń mi orí. Ó dáa, n óò dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa kúnlẹ̀ fún àgbà, ó dára. Àmọ́ bí àgbà bá ní kẹ́ ẹ kà dé méje, tí ojú yín sì rí i pé mẹ́rin ni, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ tún un sọ.

Ó ku iṣẹ́ kan tí Doyin rán mi. Ìyanu, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò fi ipò sílẹ̀ fún ọ o, òun máa bá ọ du ú. Àmọ́ ní Sátidé, bó bá kàn ọ́ láti jù ú, ẹ̀gbẹ́ ògiri wáyà yẹn lòun máa sá lọ. Ó ní kó o má ka nǹkan kan. Kó o jù ú.