Ṣílè Bàbá Mi Tí Mo Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e sínú. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kankan. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni bàbá mi fẹ́ pín àwọn owó àtijọ́ wọn fáwọn ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n sì ti sọ pé àwọn ọmọ Rísí ò ní gba ẹyọ kan. Rísí, ìyàwó bọ̀dá mi, ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni mo fà á.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Gángan ni mí. Bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Balógun. Ilé ọkọ mi ò jìnnà sí ilé bàbá mi, kò sì sọ́jọ́ kan tí n kì í yà kí wọn. Bọ̀dá mi, Rísí àtàwọn ọmọ wọn ló ń gbé pẹ̀lú bàbá nígbà náà. Ìbàdíàrán ni Rísí máa ń pè mí, torí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ.

Owó àtijọ́ ni ayé bàbá mi. Ọ̀nìnì, ẹ̀pìnnì, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n tò sínú áábọ̀mù kan tó ní àpò rọ́bà pélébé-pélébé. Wọ́n tún ní ìwé òyìnbó ńlá kan tí àwòrán gbogbo owó ayé ìjọba òyìnbó wà nínú ẹ̀. Nígbà tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mò ń ka ìwé náà fún wọn. Tí wọ́n bá bímọ nínú ẹbí, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá máa fi owó kan sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà kí gbogbo ènìyàn rí i. Wọ́n á wá gbà á padà, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sínú áábọ̀mù lórúkọ ọmọ.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ṣílè fàdákà kan tí ìyá wọn àgbà fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe wòlímà. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá máa ń sọ pé dúdú yẹn ni iyì ẹ̀, pé omi ò gbọdọ̀ kàn án láé. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Bàbá ní ọ̀rẹ́ kan ní Pópó Àgùdà, àgbàlagbà tó ń kó owó jọ bíi tiwọn. Papa la máa ń pè wọ́n. Ọjà Jankara ni wọ́n ti pàdé, níbi tí wọ́n ti jọ ń dúnàádúrà lórí tọ́rọ́ kan. Papa ò tíì rí ṣílè yẹn rí, bàbá sì ti fọ́nnu títí. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wá wò ó, bàbá lọ kírun ọ̀sán. Mo bá mú ṣílè náà, mo wò ó, ojú sì tì mí. Ṣé nǹkan dúdú yìí làlejò fẹ́ wá wò? Mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ ẹ̀gbà ọwọ́ wa tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé. Bàbá ní omi ò gbọdọ̀ kàn án. Mo ní lọ́kàn mi pé ọsàn wẹ́wẹ́ kì í ṣomi. Ẹ ò rí i bí mo ṣe gọ̀ tó.

Mo wọ kíṣìnì, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí eérú, mo sì ń ra ṣílè náà títí ó fi funfun báláú. Inú mi dùn. Wàláhì, inú mi dùn. Mo rò pé bàbá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Papa dé, wọ́n fi awò kékeré kan sójú, wọ́n tẹjú mọ́ owó náà. Nígbà tó yá, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀.

“Alhaji, wọ́n ti fọ owó yìí.”

Wọ́n wá ṣàlàyé pé ara owó náà ti họ, pé kò sí ohun tá a lè fi tún un ṣe mọ́, pé ẹni tó bá ń kó owó jọ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi mú owó náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú wọn. Wọ́n béèrè pé ta ló fọ ọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni Rísí gbé omi wọlé fún àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mi ò sọ pé òun ni. Mo ní, “Rísí ló máa ń fọ gbogbo nǹkan irin nínú ilé yìí.”

Òótọ́ sì ni. Kò sí ìkòkò tàbí kẹ́tùlù tí Rísí kì í ha. Mo sọ òótọ́, mo sì mọ ohun tí mò ń fi í ṣe.

Rísí gbé tíréè sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìyàwó ilé rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Tínú bá ti ń bí bàbá ọkọ, ìyàwó á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ni yóò tó wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi náà ti kúnlẹ̀ rí nílé ọkọ mi torí ọbẹ̀ tó jóná, tí kì í sì í ṣe èmi ni mo sè é. Àmọ́ bàbá mi gbà pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́.

Látọjọ́ náà, bàbá ò gba omi lọ́wọ́ Rísí mọ́. Nígbà tó bí àbígbẹ̀yìn ẹ̀, bàbá wá síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n jókòó, wọn ò fi nǹkan kan sọ́wọ́ ọmọ náà. Gbogbo ẹbí ń wojú ara wọn. Ìyá Rísí bú sẹ́kún. Ní tèmi, bàbá pè mí sí yàrá, wọ́n gbé ìwé owó ńlá yẹn fún mi pé kó di tèmi. Wọ́n ní èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan nínú ilé náà. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á. Mi ò lè ṣí i dòní.

Mo fẹ́ sọ fún wọn. Ọlọ́hun gbọ́, mo fẹ́ sọ. Kí n tó mọ́kàn le, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n, dókítà sì ní a ò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun tó máa kó ìpayà bá wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gégùn-ún fún mi, ṣùgbọ́n ara tù mí nígbà tí dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí nǹkan sá sí lẹ́yìn.

Nínú oṣù tó kọjá, Rísí kó àwọn ọmọ, ó padà sílé bàbá ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Bọ̀dá mi ò jẹun dáadáa mọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ni bàbá wá pè mí pé èmi ni mo máa bá wọn pín owó náà. Wọ́n ní kí n fo àwọn ọmọ Rísí, kí n fi tiwọn kún tàwọn ọmọ mi.

Lánàá, mo pe Rísí lórí fóònù. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ìbàdíàrán, mo rí yín ní kíṣìnì lọ́jọ́ yẹn.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní nínú òun àtèmi, ta ni wọ́n máa gbà gbọ́. Ó wá sọ pé, “Mo rò pé tó bá dọjọ́ kejì ẹ máa sọ. Mo ń retí yín.” Ó ní ọmọ ń ké, ó sì pa fóònù.

Mi ò sùn. Tí mo bá sọ fún bàbá, ó lè jẹ́ èmi ni mo máa pa wọ́n. Tí mi ò bá sọ, wọ́n á bínú lọ sọ́run sí ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n, àwọn ọmọ Rísí á sì dàgbà pẹ̀lú ìtìjú ohun tí ìyá wọn ò ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ọ̀rọ̀ wo ni mo máa kọ́kọ́ sọ tí kò fi ní pa wọ́n lára? Tí kò bá sì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má tàn mí. Ẹ sọ fún mi pé kò sí, kí n lè wọlé lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.