Ohun Tí Atẹ̀wé Tẹ̀ Sẹ́yìn Pósítà

[Fóònù ń dún. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń kùn.]

ATẸ̀WÉ: Hẹ́lò, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ—

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n wà. O ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù?

ATẸ̀WÉ: Níbo ni kí n wà?

Ẹ̀GBỌ́N: Pa ẹ̀rọ yẹn. Tilẹ̀kùn.

ATẸ̀WÉ: Ọ̀sán gangan? Kí ló dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Bébà tó o pín láàárọ̀, kí lo kọ sí i?

ATẸ̀WÉ: Ẹ̀dùn ọkàn àwọn oníbàárà mi ni! Tí wọ́n bá jókòó de pósítà ìdìbò wọn, wọ́n á máa ráhùn: omi, ọ̀nà, oògùn ọsibítù. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Pupa o, ẹgbẹ́ Búlúù o, ọ̀rọ̀ kan náà ni! Mo ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lè rí i pé—

Ẹ̀GBỌ́N: Orí kí lo tẹ̀ ẹ́ sí?

ATẸ̀WÉ: Ẹ̀yìn pósítà tó bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Yéè! Pósítà ẹgbẹ́ wo?

ATẸ̀WÉ: Tọ̀tún tòsì, ti Pupa àti ti Búlúù.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbé! Ẹgbẹ́ Pupa yí bébà padà, wọ́n bá ojú olórí wọn níbẹ̀. Wọ́n ní o fi ṣe bébà ìnùdí. Àwọn Búlúù náà ní— ṣé o gbọ́ mi?

ATẸ̀WÉ: Network ń já. Ẹ̀gbọ́n—

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ti kọjá níwájú ilé mi. Pupa àti Búlúù, wọ́n jọ ń rìn.

ATẸ̀WÉ: Wọ́n jọ— [ó rẹ́rìn-ín] Ohun tí mo ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn!

Ẹ̀GBỌ́N: Má rẹ́rìn-ín! Igi ló wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnìkan gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò. Ẹ̀rù ń bà mí. Please, gba fèrèsé ẹ̀yìn bọ́ sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ.

ATẸ̀WÉ: Tí mo bá sá, àwọn wọ̀nyí á ní àwọn tọ̀hún ló rán mi, àwọn tọ̀hún náà á sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló ní Pupa tàbí Búlúù nìkan léèyàn lè jẹ́? Oníbàárà mi ni gbogbo wọn. Màá bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú oníbàárà kọ́ ni wọ́n gbé bọ̀! Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n á jọ lù. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ilẹ̀kùn ń dún gbà, gbà, gbà.]

ATẸ̀WÉ: Wọ́n ti dé.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni wọ́n ń sọ?

ATẸ̀WÉ: Wọ́n ń bi mí pé ti ta ni mò ń ṣe.

Ẹ̀GBỌ́N: Dá wọn lóhùn! Sọ pé tiwọn lò ń ṣe! Parọ́!

ATẸ̀WÉ: Tàwọn wo, ẹ̀gbọ́n? Àwọn méjèèjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀GBỌ́N: Fèrèsé! Àbúrò mi, ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́—

[Ìpè já.]