Dinah Tí Kò Sí Nínú Oko Ọ̀rà

Nígbà tí Tẹjúmádé gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ àwọn akọrin ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ìkéde ni ìjọ ń retí. Òun ló ń bójú tó ojú òpó ìjọ wọn ní Ìlá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì máa ń ka àwọn ẹ̀bẹ̀ àdúrà tó bá wọlé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ka nǹkan kan. Ó ní: "Ẹrù ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá sọ̀ ọ́ tán, ẹ lè lé mi. Dinah tí a sunkún rẹ̀ nínú ilé yìí kò kú. Kò wá sáyé rí. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ẹnì kan kígbe. Pásítọ̀ Ọlálérè dìde, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ náà, Tẹjúmádé fà á sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán."

Ó wá rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, ìjọ ti ń kú lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti gba Èkó àti Ìlọrin lọ. Àwọn tó kù á ṣe Àmín, wọ́n á gbọn aṣọ wọn, ó dilé. Pásítọ̀ ní kí ó ṣe ojú òpó kan tí tilé-toko yóò ti lè béèrè àdúrà, kí gbogbo ìjọ sì máa dáhùn. Ó ṣe é, ó rẹwà. Ó kéde títí ẹnu fi ń ro ó, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí inú bí i, ó jókòó, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ bá mi gbàdúrà. Dinah lorúkọ mi, inú oko lẹ́yìn Ọ̀rà ni mò ń gbé. Ẹsẹ̀ mi ti rọ, n kò lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́."

Kó tó di ọ̀sán, èsì ti ń wọlé. Olúwafẹ́rànmí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ti lọ, kọ̀wé láti Èkó pé òun ń gbààwẹ̀ fún un. Àwọn obìnrin Ìgbájọ bẹ̀rẹ̀ àdúrà lórí fóònù. Àga tó ṣófo ní ṣọ́ọ̀ṣì kún. Inú Tẹjúmádé dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé irọ́ ni.

Bàbá Hezekiah, àgbẹ̀ kòkó tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ló fẹ́ràn Dinah jù. Torí rẹ̀ ni bàbá ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù. Ó kọ ọ́ pé: "Ọmọ mi, má bẹ̀rù, mò ń bọ̀ wá wò ọ́." Tẹjúmádé fi orúkọ Dinah kọ ọ́ pé òun kò fẹ́ àlejò, bàbá kò gbà. Ó di iṣu sẹ́yìn ọ̀kadà, ó forí lé Ọ̀rà, ó ń béèrè láti oko dé oko. Nígbà tó ń padà bọ̀, ọ̀kadà yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ bàbá kán.

"Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti burú jù," Tẹjúmádé wí. "Mo lọ wò wọ́n lórí ibùsùn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, 'Tẹjú, bí ẹsẹ̀ yìí bá ti san, màá padà lọ wá a.' Ǹ bá sọ ọ́ níbẹ̀. Ojo ni mí. Mo délé, mo kọ ọ́ pé Dinah ti sùn nínú Olúwa. Bàbá sunkún bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, èmi yìí náà ni mo tún bá wọn nu ojú."

"Kúnlẹ̀!" ni Pásítọ̀ wí. "Tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ìjọ!"

"Lọ́wọ́ Ọlọ́run àti Bàbá Hezekiah, màá kúnlẹ̀. Lọ́wọ́ ìjọ, rárá o, sà. Ọládùnní, ọmọ ìjọ yìí náà, dùbúlẹ̀ àìsàn nínú ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ sójú òpó, kí n tó kọ ti Dinah. Ta ló dáhùn? Ẹ gbààwẹ̀ fún ẹni tí kò sí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà kú! Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, ẹ má parọ́ bíi tèmi. Ẹ kan ilẹ̀kùn àwọn ènìyàn, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ sọ ọ́ sí wọn lójú."

Ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Hezekiah. Bàbá gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Ó ń dùn mí, Tẹjú," ó wí. "N kò tíì lè dárí jì ọ́." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìjọ. "Àwọn ọmọ tí Ọládùnní fi sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n wà?"

Àwọn ará ìjọ kò mọ̀. Tẹjúmádé mọ̀, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n lọ wá wọn fúnra wọn.