Mo Fi Bàtà Ẹni Ẹlẹ́ni Dìbò

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa ní Kabba, okun o. Rejoice ọmọ mi ni mo ní kó ka ìwé yìí sí yín létí, nítorí èémí mi kò gbé ọ̀rọ̀ gígùn mọ́, dókítà sì ti ní kí n palẹ̀ ilé mi mọ́. Ohun tí n kò tíì palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nìyí. Ẹ ní kí n wá bójú tó ìdìbò ẹgbẹ́ wa ní Sátidé, kí ológun rọ̀gbà yí pápá ká, pé èmi Hezekiah tó gba àmì-ẹ̀yẹ nítorí ìdìbò lókè òkun mọ̀ ọ́n ṣe. Mo mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é.

Ẹ mọ̀ pé mo wọṣẹ́ ológun níbi tí mo lọ, kí n lè rí ìwé ìgbélùú gbà. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó wa lọ. A ṣígun wọ ibẹ̀, a kò sì lọ mọ́. Lọ́dún kejì, àwọn ọ̀gá wa ní kí àwọn onílẹ̀ dìbò yan gómìnà tiwọn, kí ayé lè rí i pé a kò jọba lé wọn lórí. Orúkọ mẹ́ta ló wà lórí ìwé ìdìbò, àwa la sì fi ọwọ́ ara wa mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn àwọn èèyàn náà, pé ìgbà wo lẹ ó lọ, kò sí níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi àti ọ̀gá mi, David, kó àwọn ará abúlé kan jáde nílé, a tò wọ́n síwájú ilé ẹ̀kọ́. Wọn kò bá wa jà. Nígbà tó ṣe, ìyá arúgbó kan bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lórí ìlà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ sílé. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi ku bàtà nìkan lórí ìlà. Ògbufọ̀ wa ṣàlàyé fún mi pé nílẹ̀ wọn, ẹni tí a bá fi tipátipá mú lọ síbì kan a máa fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni ń wí pé, ẹsẹ̀ mi lẹ mú wá, ẹ kò mú mi. Ẹ rántí o, ó ti sọ fún mi. N kò lè ní n kò mọ̀.

Ara David kò balẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn ń bọ̀ lọ́sàn-án, kò sì sí ẹyọ ìwé kan nínú àpótí. Èmi ni mo la ẹnu ègún mi. Mo ní, "Ọ̀gá, nílé wa, tí a bá tò nídìí ẹ̀rọ omi, ẹni tó fi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sórí ìlà kò tíì kúrò lórí ìlà." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó kó ìwé ìdìbò lé mi lọ́wọ́. Ẹ wo ìwà tí àwọn ìyá wa fi ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn nídìí omi, mo sọ ọ́ di irinṣẹ́ olè.

Bàtà igba èèyàn ó lé mọ́kànlá ni. Mo ń tẹ àtàǹpàkò mi sórí ìwé kan fún bàtà ẹnì kọ̀ọ̀kan, nígbà tó rẹ̀ mí, mo pààrọ̀ ìka. Ibi tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ìyá yẹn gbọ́ ohun tí a ń fi bàtà ṣe, tó sì padà wá mú tirẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ bàtà náà mọ́lẹ̀, mo na ìbọn sí i láyà, ẹni tó tó bí ìyá mi. Kò sá. Ó wo tàdáwà tó wà lọ́wọ́ mi, ó sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́: "Ọmọ, àtàǹpàkò ta nìyẹn?" Mo fa ìwé kan yọ, mo tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀, mo ní kí wọ́n sọ fún un pé tirẹ̀ ni.

Ìròyìn sọ pé abúlé yẹn ni ìdìbò ti lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ jù. Wọn kò purọ́. Bàtà kì í jà.

Ọlánípẹ̀kun akọ̀wé wa ti bá mi jiyàn lórí èyí. Ó ní níbòmíràn nílẹ̀ yẹn, àwọn kan fínnú fíndọ̀ dìbò, pé ìbò tí ìbọn dúró tì sàn ju àìdìbò lọ. Lóòótọ́, àwọn kan dìbò. Mo bi í pé ẹni tí wọ́n yàn, ṣé ó lè ní kí ológun máa lọ lọ́la? Ó tún ní ológun tiwa kì í ṣe àjèjì. Mo ní ìbọn tí kò gba ìyọ̀ǹda ìlú kó tó wọlé, àjèjì ni, ì báà gbọ́ Owé, èdè ìlú wa, ju ìyá mi lọ.

N kò ní kí ẹ dárí jì mí. Ìyá tó lè dárí jì mí kò sí ní Kabba, n kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Àmì-ẹ̀yẹ náà ló wà lọ́wọ́ Rejoice yẹn, ẹ má gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ní kí ẹ ka ohun tí èèyàn fi sílẹ̀ dípò èèyàn, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ̀ ọ́n kà.

N kò ní bójú tó ìdìbò yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó ológun wá ní Sátidé, ẹ ó bá mi lórí ìlà, bó jẹ́ pé àga ni wọ́n máa fi gbé mi wá. N kò ní bọ́ bàtà sílẹ̀ kí n máa lọ, nítorí mo mọ irú ẹni tó ń ṣọ́ bàtà. Mo máa jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi tẹ̀ka, yóò kọ́kọ́ dá mi lóhùn: àtàǹpàkò ta nìyẹn?