Mo Nájà Nígbà Tí Ọkọ̀ Ń Jó

Ọdún kejì lẹ́yìn tí ìjọba fagi lé ìbò tí gbogbo wa tò sínú oòrùn dì ni ọkọ̀ mi gbiná. Nígbà tí ọdún yípo, adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Bí mo ṣe mọ ọdún kà nìyẹn, torí mi ò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí. Inú yàrá àwọn tí okùn ń dúró dè ni mo wà báyìí, èmi àti obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀. Láràárọ̀, ẹsẹ̀ àwọn wọ́dà la máa ń tẹ́tí sí. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan, oúnjẹ ló ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn púpọ̀, ẹnì kan nínú wa ni wọ́n wá mú.

Fọlákẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Òdìkejì irin ló jókòó sí, ó gbé ìwé lé orúnkún. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: bàbá rẹ̀ wà nínú àwọn tí mo pa. Mo bi í bóyá yóò lè kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó ní òun ti kọ ọ́.

Ìlódè ni ilé mi wà ní Ifẹ̀, Ilare ni mo sì ti ń ta kẹrosíìnì nínú dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tí ọkọ mi kú, ó fi ọkọ̀ ojú omi kan sílẹ̀ fún mi ní Èkó, ọkọ̀ kékeré tí í gbé epo láti èbúté kan dé òmíràn. Ìbùkún lorúkọ ọkọ̀ náà. Àwọn obìnrin Ilare a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá ọlọ́kọ̀ tí ń bẹ̀rù odò." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo wọ inú rẹ̀. Sànyà, akọ̀wé mi, ló wà ní Èkó pẹ̀lú rédíò tó fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ní tẹlifóònù nínú pálọ̀ mi. Ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ bá sọ fún Sànyà, Sànyà a sọ fún mi, ohun tí mo bá sọ labẹ gé.

Bándélé, bàbá Fọlákẹ́, ọkọ Mojísọ́lá àkọ́bí mi, ni ẹńjiníà inú ọkọ̀ náà. Ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ rín kó tó sọ̀rọ̀. Ìgbà kan tó gba ìsinmi wálé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì sọ pé òfin ọkọ̀ elépo kan wà tí a ò tíì mú ṣẹ. Ó ní a gbọ́dọ̀ ní ìwé tó dárúkọ àwọn tí yóò wá pa iná bí iná bá ràn, àti àwọn tí yóò fa ọkọ̀ náà dé èbúté, kí a sì ti bá wọn ṣàdéhùn owó wọn sílẹ̀.

Mo ní, "Ṣé iná ti ràn ni?"

"Rárá o, Màmá."

"Ta ló ń ná pósí de ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin náà da iyanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù yín ní Ilare."

"Ọ̀fẹ́ ni iyanrìn."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ tí kò bá ẹ̀rín lọ. Ó ní bí iná bá ti ń jó, kò sí ẹni tí í lè nájà mọ́, ìdí sì nìyẹn tí òfin fi ní ká ná an tán nígbà tí ara ṣì tutù. Ó sọ fún mi nípa àwọn àgbá irin pupa kan tó wà nínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú wọn tí í pa iná yàrá ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe ń pa iná náà ló ń pa èèyàn, nítorí náà a kì í tú u àfi tí a bá ti ka orí gbogbo èèyàn tí wọ́n sì pé. Mo gbọ́ ọ yé. Mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́ ọ yé.

Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ èbúté ní Ìbùkún kò ní ṣí láìsí ìwé náà. Sànyà wádìí, ó ní àwọn tí í gba ọkọ̀ là ń béèrè owó lọ́dọọdún, iná jó o, iná ò jó o. Inú bí mi. Mo bi í pé ṣé kò sí kàlẹ́ńdà wọn lára ògiri ọ́fíìsì wa ni. Ó ní ó wà, wọ́n fi ta wá lọ́rẹ lọ́dún tuntun.

Mo ní, "Da orúkọ tó wà lára rẹ̀ kọ, àti nọ́ńbà tẹlifóònù wọn."

"Màmá, a ò tíì bá wọn sọ nǹkan kan."

"Ṣé ìwé náà á fẹnu sọ̀rọ̀ ni?"

Mo lọ sí Èkó, mo tẹ àtàǹpàkò mi sí i. Yíǹkì àlùkò ni. Gbogbo ohun tó ná mi nígbà náà kò ju yíǹkì yẹn lọ, mo sì fi etí ìró mi nù ún. Nígbà tí Bándélé rí ìwé náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórúkọ gbogbo àwọn ará ọkọ̀. Mo ní kó dìde, kó máà dọ̀tí aṣọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni tẹlifóònù dún. Mojísọ́lá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bá mi bó ẹ̀gúsí. Sànyà ní iná ti ràn ní yàrá ẹ́ńjìnnì Ìbùkún, epo sì kún inú ọkọ̀ náà bámúbámú. Ó ní òun ti pe nọ́ńbà ara kàlẹ́ńdà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ wá rí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn kan wà nítòsí, ó ní omi, ó ní fóòmù tí í hó bí ọṣẹ pa iná epo, ó ní àwọn tí í fi ìbòjú wọ inú èéfín. Iye tí wọ́n fẹ́ gbà nìyí. Ó dárúkọ iye náà.

Ní ọjà Ilare, bí wọ́n bá pe ọjà gọbọi fún ọ, ìdajì ìdajì rẹ̀ lo máa dá. Bí wọn ò bá gbà, wàá yí ẹ̀yìn padà, wàá rìn díẹ̀. Kí o tó rìn jìnnà, wọn yóò pè ọ́ padà. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe é, wọn kò ṣàì pè mí padà rí. Mo dá ìdajì ìdajì. Sànyà ní wọn ò gbà. Mo ní kó sọ fún wọn pé ká fi sílẹ̀, mo sì gbé tẹlifóònù kalẹ̀.

Mo jókòó, mo ń dúró kí wọ́n pè mí padà. Mo tiẹ̀ bó ẹ̀gúsí díẹ̀.

Nígbà tí tẹlifóònù dún, Sànyà ni. Ó ní ọkọ̀ wọn ti lọ sídìí iṣẹ́ mìíràn. Mo ní kó san gbogbo iye tí wọ́n pè. Ó ní wọ́n á padà wá, ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Ni mo bá ní kó gbé ẹnu tẹlifóònù ti rédíò, kí n bá ọ̀gá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ fúnra mi.

Ọ̀gá ọkọ̀ ní, "Màmá, iná ń sún mọ́ epo. Afẹ́fẹ́ inú àgbá pupa nìkan ló kù."

"Tú u."

"Àwọn méjì ṣì wà nínú. Bándélé àti Múrí. Àwọn ọmọ fẹ́ fi búláńkẹ́ẹ̀tì tútù wọlé lọ fà wọ́n jáde. Ẹ fún wa láyè díẹ̀."

"Bí epo bá gbiná ńkọ́?"

Ó tún ní kí n fún àwọn láyè díẹ̀.

"Ọkọ̀ ta ni?"

"Ọkọ̀ yín ni, Màmá."

"Tú u, àbí o ò ní darí ọkọ̀ kankan mọ́ láyé."

Mo yíjú padà, Mojísọ́lá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, èèpo ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "Màámi, mo gbọ́ orúkọ ọkọ mi. Ṣé kò sí?"

Mo ní, "Iná díẹ̀ ni. Ó ti jáde."

Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Iná náà kú lóòótọ́. Epo mi kò dànù. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n bá àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti fi táwẹ̀lì tútù di imú, sípánà ṣì wà lọ́wọ́ Bándélé. Iná kò tilẹ̀ kàn wọ́n. Múrí kò tíì gbé ìyàwó. A sin wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀sẹ̀ kejì mo ta epo náà, ọjà sì yá.

Bándélé ti kọ́ Sànyà pé kó máa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ orí rédíò sílẹ̀. Sànyà kọ ọ́. Ìwé yẹn ló gbé lọ fún ọlọ́pàá, ó sì wà níbẹ̀ pé, "Àwọn méjì wà nínú," àti pé, "Màmá ní ká tú u." Ọ̀gá ọkọ̀ kú sí àtìmọ́lé. Ní kóòtù, mo ní mo rò pé òkú ni àwọn méjèèjì nígbà tí mo sọ̀rọ̀. Adájọ́ kò gbà á. Lọ́yà mi ní adájọ́ kóòtù òkè lè gbà á, bí mo bá dúró lórí rẹ̀ tí àwọn ọmọ mi sì jẹ́rìí sí ìwà mi, torí ìwé Sànyà kò sọ pé àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ máa ka èyí, ìka tí ẹ máa tẹ̀ sórí irọ́ kékeré, ẹ ká a kò. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni pé kò dùn mí nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe ohun tó yẹ nígbà tí ara ṣì tutù. Ẹ má sì fi ẹ̀mí ẹlòmíràn kọ́ ọgbọ́n ọjà.

Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá síbí pẹ̀lú ìwé lọ́yà láti ṣe ẹ̀rí náà. Mojísọ́lá ló mú bírò dání. Ó ní torí Ọlọ́run lòun fi fẹ́ ṣe é, kí n kàn tún un sọ fún òun pé òkú ni mo pè wọ́n.

Mo wò ó lójú. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe kọ ọ́. Nígbà tí Sànyà gbé tẹlifóònù ti rédíò, mo ń gbọ́ nǹkan lẹ́yìn ohùn ọ̀gá ọkọ̀. Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Sípánà lára ilẹ̀kùn irin ni. Ó ń lù ú kí n tó ní kí wọ́n tú u. Mojí, nígbà tí o kúnlẹ̀ tí o ń dúpẹ́, n ò tíì gbé tẹlifóònù kúrò létí. Ó ṣì ń lù ú."