Ọmọ Mi Dá Mi Kọjá, Èmi Ni Mo Ní Kó Ṣe É

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọrùn ń dùn mí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ti ọrùn kọ́ ló ká mi lára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn kò gbé fóònù mi mọ́. Mo fi fídíò kan ránṣẹ́ sáwọn ẹbí, níbi tí Ìbùkún, ọmọ mi obìnrin, ti gbé ẹsẹ̀ dá mi kọjá ní pálọ̀ wa, tó sì fi ẹ̀yìn mi lélẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní irú ọmọ wo ló ń dá bàbá tó bí i kọjá? Kí n má purọ́ fún yín, ìbínú rẹ̀ nìkan ló ń dùn mí; ohun tí ọmọ náà ṣe, inú mi dùn sí i gan-an ni.

Ìlú òyìnbó níbí, ní Levenshulme, la bí Ìbùkún sí. Ó ń kọ́ ìjàkadì lọ́dọ̀ kóòṣì kan tó wá láti Amẹ́ríkà. Ọgbọ́n ẹsẹ̀ kan ló wá di wàhálà. Tí ẹnìkejì bá wà lórí ìkúnlẹ̀, tó fọwọ́ tilẹ̀, wàá gbé ẹsẹ̀ dá ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, wàá fi há itan rẹ̀, wàá wá yí i títí èjìká rẹ̀ méjèèjì á fi kanlẹ̀. Ìbùkún á dá ẹni náà kọjá dáadáa, àmọ́ kó tó há a, á tún gbé ẹsẹ̀ padà kíá. Kóòṣì ní ẹ̀rù ló ń bà á, àti pé tí kò bá yí padà, ẹlòmíì lòun máa mú lọ síbi ìdíje. Ọmọ mi sunkún délé.

Ẹ̀rù kẹ̀? Ẹ̀kọ́ ilé ni! Láti kékeré la ti kọ́ ọ pé a kì í dá èèyàn kọjá. Bó bá ṣèèṣì dá àbúrò rẹ̀ kọjá, ó gbọ́dọ̀ padà, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà kúrú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún kóòṣì? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo sún tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ tilẹ̀.

“Daddy, I can't. Mi ò lè dá yín kọjá.”

“Èmi bàbá ẹ ni mo ní kó o ṣe é. Má sì padà.”

Ó bẹ̀ mí títí pé kí n jẹ́ kóun lo ìrọ̀rí. Mo kọ̀. Ó dá mi kọjá, ó padà. A tún un ṣe, ó tún padà. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ náà kọjá, ó sì dúró síbẹ̀. Kí n tó mọ̀, àjà ni mò ń wò, ọrùn mi sì ti dún kà. Àbúrò rẹ̀ tó ń ya fídíò ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Níbi ìdíje tí kóòṣì padà mú un lọ, Ìbùkún pàdé ọmọbìnrin kan láti Ramsbottom tó sanra jù ú lọ. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ kọjá. Mo di àga mú. Kò padà! Èjìká ọmọ náà méjèèjì kanlẹ̀, adájọ́ fọwọ́ gbá ilẹ̀, Ìbùkún borí. Kóòṣì ń pè é kó wá bọ òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá. Tòun ti òógùn lójú, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo òyìnbó, ó ní, “Ẹ ṣé, Daddy.” Omijé bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tọ́mọ nílẹ̀ yìí, tí ẹ bá kọ́ ọmọ ní èèwọ̀, ẹ fi ibi tó parí sí hàn án. Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn o. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ mi ò mọ àgbà mọ́, ohun tójú rẹ̀ rí ló sì ń wí. Nígbà tọ́mọ náà kúnlẹ̀, omijé ni mò ń nù, mi ò ya fídíò ìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tó máa fi gbà mí gbọ́?