Ìyókù Omi Inú Igbá

Ẹ̀yin tíṣà ọ̀dọ́ wọ̀nyí, ẹ ní kí n kọ́ yín bí a ṣe ń dúró níwájú èrò kí ọ̀rọ̀ wa lè wọ̀ wọ́n létí. Ẹ jókòó. Èmi Ebenezer Ọláníyì kò ní pẹ́ lọ mọ́, ẹ̀yin náà rí bí ẹsẹ̀ mi ṣe wú. Màá kọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún tí lùkúlùkú jà, nítorí n kò fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ọdún 1918 ni. Ikọ́ àti ibà ni àrùn náà ń bá wọlé, ó sì ń pa géńdé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìjọba yàn mí láti Ọ̀yọ́ pé kí n lọ la àwọn ará Ìrẹsà lọ́yẹ̀, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Mo múra ọ̀rọ̀ náà dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ara mi. Ohun mẹ́ta péré ni mo mú: ẹ má péjọ; ẹ ya aláìsàn sọ́tọ̀; ẹ má bá aláìsàn mu nínú igbá kan náà. Mo sọ ọ́ fún ìyá arúgbó kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo ní kí ó sọ ọ́ padà fún mi. Ibi tí kò bá lè sọ padà, èmi ni n kò là á yé e, mo sì tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ rere nìyẹn, ẹ mú un dání.

Àwọn tó rán mi kìlọ̀ fún mi pé agbo ilé dé agbo ilé ni kí n ti sọ ọ́, kí n má kó èrò jọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pàtẹ́wọ́ fún mi nínú agbo ilé ẹni mẹ́fà? Ìgbéraga burú! Mo ránṣẹ́ sí Baálẹ̀ pé kí gbogbo ìlú pé sábẹ́ igi ọ̀dán. Àní, mo kó èèyàn jọ kí n lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má péjọ.

Ọ̀dọ̀ Simon, tíṣà bíi tèmi, ni mo sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara mi ń gbóná, mo sì ń wúkọ́. Simon dí ẹnu ọ̀nà mọ́ mi. Ó ní, “Ebenezer, ikọ́ yìí kì í ṣe ikọ́ lásán. Mo bẹ̀ ọ́, má lọ.”

“Eruku ọ̀nà ni jàre,” ni mo dá a lóhùn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ.

Ẹ wo èrò lọ́jọ́ náà! Mo sọ ti àkọ́kọ́, wọ́n mi orí. Mo sọ ti ìkejì, wọ́n tún sún mọ́ mi sí i. Bí mo ṣe fẹ́ sọ ti ìkẹta, ikọ́ gbá mi lọ́fun mú. Mọ̀ríámọ̀, ìyàwó Mùílì tí mo wọ̀ sílé wọn ní Ìrẹsà, sáré gbé igbá omi wá. Mo mu díẹ̀, ikọ́ rọlẹ̀, mo ní eruku ọ̀nà ni. Ní agbo ilé tiwọn, wọn kì í da ìyókù omi àlejò pàtàkì nù; ẹni tó gbé e wá ni í mu ún, kí oríire àlejò lè kàn án. Obìnrin náà kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó gbé igbá sẹ́nu. Mo rí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo rí i! “Ìyá, ẹ dà á nù,” gbólóhùn kan péré, ì bá gbà á là. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, èrò á mọ̀ pé aláìsàn ni mí, wọ́n á sì tú ká kí n tó parí. Mo dúró kí ó mu ún tán. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ fún wọn pé kí wọ́n má bá aláìsàn mu nínú igbá kan náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun náà pàtẹ́wọ́.

Mo padà sí Ọ̀yọ́, mo ṣàìsàn, mo yè é. Mọ̀ríámọ̀ kú lọ́jọ́ kẹfà, èèyàn mọ́kànlá sì tẹ̀lé e. Nígbà tí mo lọ kí Mùílì kú ọ̀fọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ mi padà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ọ̀kankan. Ó wá ní, “Tíṣà, gbogbo ohun tí ẹ kọ́ wa ni ìyàwó mi ṣe. Aláìsàn wo ló wá bá mu nínú igbá kan náà?”

Ilẹ̀ kò lanu kí n kó sí i. Mo bi í bóyá wọ́n gba àlejò láìpẹ́. Ó ní Ràmọ́tà, àbúrò olóògbé, wá kí wọn láti Ọ̀yọ́.

Mo ní, “Ó lè jẹ́ òun.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Wọn kò jẹ́ kí Ràmọ́tà dé ibi àdúrà ogójì ọjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Títí di òní, apẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí mo bá rí i lọ́nà ọjà, ńṣe ni mo máa ń yà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá dúró níwájú èrò, ojú wọn ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo àtẹ́wọ́ tí wọ́n fẹ́ pa. Ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ Ràmọ́tà mọ́. Ẹ bá mi lọ. Ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ sọ fún un: pé èmi ni aláìsàn náà, pé mo ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó mu omi náà, pé òun kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá lé yín jáde, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jáde, ẹ ní kí ó sọ ìkẹta yẹn padà fún yín, kí n lè mọ̀ pé ó yé e.